Ojú Mísáìlì: Bí Ohun Ìjà Ṣe Ń Wá Ọkọ̀ Ogun Rí Lórí Òkun

Ẹ kú ìjókòó o. Bí a bá tú mísáìlì tí wọ́n fi ń ja ọkọ̀ ogun ojú omi palẹ̀, a ó bá ẹ́ńjìnnì, epo, ìyẹ́, ẹ̀tù àti ẹ̀rọ tó fi ń ríran nínú rẹ̀. Ẹ̀tù ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè: kílò mélòó ló gbé? Ní tèmi, ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1943, lẹ́yìn tí Ítálì ti túúbá, bàálù àwọn Jámánì ju bọ́ǹbù Fritz X lu Roma, ọkọ̀ ogun ńlá ti Ítálì. Bọ́ǹbù náà kò ní ẹ́ńjìnnì. Iná kan ń tàn nídìí rẹ̀. Ẹni tó jù ú ń wo iná yẹn láti òkè, ó sì ń fi rédíò darí rẹ̀ títí ó fi balẹ̀. Roma rì, ẹ̀mí tó lé ní 1,000 sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ni bọ́ǹbù yẹn yá lò. Bí kùrukùrù bá bo ọkọ̀, iṣẹ́ bàjẹ́.

Nígbà tó fi máa di 1967, ojú ti bọ́ sí imú mísáìlì fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún náà, nítòsí Port Said, àwọn ọkọ̀ kéékèèké ti Íjíbítì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó 100 tọ́ọ̀nù, yin mísáìlì P-15 tí Sófíẹ́ẹ̀tì ṣe sí Eilat, ọkọ̀ ogun Ísírẹ́lì. Rédà inú mísáìlì, ẹ̀rọ tó ń ta ìgbì rédíò láti fi wá nǹkan tó jìnnà, ló wá ọkọ̀ náà kàn. Èèyàn 47 kú.

P-15 ní àléébù kan: òkè ló ń gbà. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Ayé rí roboto, rédà kò sì lè ríran kọjá ibi tí òkun ti tẹ̀ kọ́rọ́. Rédà tó wà ní gíga mítà 20 lórí ọkọ̀ lè rí ohun tó ń fò ní mítà 200 láti nǹkan bíi kìlómítà 75. Bí nǹkan ọ̀hún bá fò ní mítà 3 péré, ó di bíi kìlómítà 25 kó tó hàn. Mísáìlì tó ń sáré mítà 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní lo ìṣẹ́jú kan àbọ̀ kó tó dé.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn gíga ló jẹ́ kí mísáìlì lè máa fò nítòsí omi bẹ́ẹ̀. Ó ń ta ìgbì rédíò sí ojú omi, ó ń fi ìgbà tí ìgbì náà padà wá ṣírò àlàfo tó wà láàárín, ìyẹ́ ìdí sì ń tún ìrìn mísáìlì ṣe. Exocet, mísáìlì ti ilẹ̀ Faransé, ló sọ ọgbọ́n yìí di mímọ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ̀tù inú rẹ̀ jẹ́ kílò 165, kò tó ìdajì ti P-15. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 1982, nínú ogun Falkland, bàálù Ajẹntínà fi ọ̀kan lu HMS Sheffield ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn 20 kú, ọkọ̀ náà sì rì lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Nígbà tó di ọjọ́ 25 oṣù yẹn, Exocet ba Atlantic Conveyor, èèyàn 12 sì kú. Ọkọ̀ ẹrù ni. Irin ńlá lórí omi ni rédà mísáìlì rí. Kò mọ ọkọ̀ ogun yàtọ̀ sí ọkọ̀ oníṣòwò. Àwọn tó ń ṣe mísáìlì ti ń wá ojú mìíràn láti ìgbà náà: Naval Strike Missile ti Nọ́wè kò lo rédà láti fi wá ọkọ̀ mọ́, ooru ara ọkọ̀ ló ń wò, ó sì ń fi àwòrán rẹ̀ wé èyí tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó tó kọlù ú.