Ẹ̀kúyá àti Ẹbí Rẹ̀: Bí Ewé Ṣe Yí Ọ̀nà Ìpèsè Oúnjẹ Rẹ̀ Padà

Ẹ mú ewé ẹ̀kúyá kan, kí ẹ nà án sókè kí oòrùn là á kọjá. Ẹ óò rí i pé iṣan inú rẹ̀ fún mọ́ra bí ojú àwọ̀n apẹja. Ẹ wá gbé ewé Tarenaya hassleriana sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà òdòdó. Iṣan ti èyí jìnnà síra. Àlàfo tó wà láàárín iṣan sí iṣan yìí ni kò jẹ́ kí àwọn olùwádìí fọwọ́ lẹ́rán.

Ẹbí kan náà ni àwọn méjèèjì, Cleomaceae. Ẹbí tó sún mọ́ wọn jù ni ti kábéèjì, níbi tí Arabidopsis thaliana wà, ewéko kékeré tí àwọn onímọ̀ ti tú àbùdá rẹ̀ palẹ̀ ju ti ewéko èyíkéyìí lọ. Bí ẹ bá rí jíìnì kan, ìyẹn ìlànà àjogúnbá kan, nínú ẹ̀kúyá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti mọ iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe nínú Arabidopsis. Àǹfààní ńlá gbáà ni. Bí ẹ bá ń béèrè irúgbìn ẹ̀kúyá níbi ìpamọ́, orúkọ méjèèjì ni kí ẹ fi wá a: Cleome gynandra, tí Linnaeus sọ ọ́ ní 1753, àti Gynandropsis gynandra tí à ń lò báyìí.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ewé lọ, níbi tó ti ń fi oòrùn pèsè oúnjẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ewéko, ẹ́ńsáímù (èròjà tó ń mú iṣẹ́ inú ara yá) tó ń jẹ́ Rubisco ló ń mú káàbọ́ọ̀nù-dáíọ́síìdì látinú afẹ́fẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé, bí ooru bá mú, ó máa ń ṣi ọ́síjìn mú dípò rẹ̀, ewéko á sì fi agbára ṣòfò láti tún un ṣe. C3 là ń pe irú èyí, Tarenaya sì wà lára wọn. C4 ni ẹ̀kúyá. Ẹ́ńsáímù mìíràn, PEPC, ló ń kọ́kọ́ mú káàbọ́ọ̀nù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì òde, òun kì í sì í ṣi ọ́síjìn mú. Káàbọ́ọ̀nù ọ̀hún á di ásíìdì oníkáàbọ́ọ̀nù mẹ́rin, á kọjá sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá tó yí iṣan ká. Ibẹ̀, nínú mitokọ́ńdíríà (ilé agbára sẹ́ẹ̀lì), ni ẹ́ńsáímù NAD-ME ti ń tú u sílẹ̀, káàbọ́ọ̀nù á wá pọ̀ yí Rubisco ká débi pé àṣìmú á dín kù gan-an. Nítorí pé ẹrù gbọ́dọ̀ máa kọjá láti sẹ́ẹ̀lì òde sí ti ìdí iṣan, iṣan ò gbọdọ̀ jìnnà síra.

Ẹbí yìí kò sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni C4 ti yọ nínú rẹ̀: lára ẹ̀kúyá, lára Cleome angustifolia, àti lára Cleome oxalidea ti Ọsirélíà. Cleome paradoxa wà lágbedeméjì, kò tíì di C4 tán.

Ní 2013 ni wọ́n tẹ àkójọ DNA Tarenaya jáde, ìyẹn okùn tó gbé àwọn jíìnì rẹ̀. Ti ẹ̀kúyá dé ní 2023: lẹ́tà DNA mílíọ̀nù 740 lórí kúrómósómù (ìdì okùn DNA) 17, pẹ̀lú jíìnì 30,933. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wéra, ó hàn pé DNA baba ńlá àwọn méjèèjì ti di ìlọ́po méjì nígbà kan rí. Lẹ́yìn tí wọ́n pínyà, Tarenaya tún gba odindi ẹ̀dà kẹta kún tirẹ̀. Ẹ dúró lórí èyí díẹ̀. Èrò kan ni pé ẹ̀dà jíìnì tó ṣẹ́kù ló ń ráyè kọ́ iṣẹ́ tuntun, tí C4 fi ń jáde. Síbẹ̀, Tarenaya tí ẹ̀dà pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jù ló dúró ní C3. Ẹ̀dà nìkan kò tó. Sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì ti ń ṣiṣẹ́, àti ìgbà tó ń ṣiṣẹ́, ló yẹ ká tú wò jù.

Láàárín ẹ̀kúyá fúnra rẹ̀ pàápàá, ìyàtọ̀ pọ̀: igi rẹ̀ lè jẹ́ aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ elésè àlùkò, ó lè ní irun tàbí kó dán. Irúgbìn láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù Áfíríkà, àti láti Éṣíà ya ara wọn sọ́tọ̀ nínú DNA.

Kí ẹ tó fi wọ́n wéra, ẹ rí i pé wọ́n hù. Irúgbìn tuntun máa ń sùn. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ẹ hù ú nínú òkùnkùn, ní ìwọ̀n ooru 30°C, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń dí i lọ́wọ́. Ẹni tó gbé àwo irúgbìn sójú fèrèsé á rò pé ó ti kú. Àṣìṣe tó burú jù ni kí irúgbìn kan ti pé ọdún kan, kí èkejì jẹ́ ti oṣù tó kọjá: oorun irúgbìn lẹ ó máa wọ̀n, ẹ ó sì pè é ní àbùdá.

Tí ẹ bá fẹ́ fi akọ kan gun abo mìíràn, ẹ yan òdòdó tí abo inú rẹ̀ gùn yọ síta, torí àwọn kan wà lórí igi kan náà tí abo wọn kúrú, tí wọn kì í so. Kí òdòdó tó là, ẹ fi ẹ̀mú kékeré yọ orí akọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹ fi àpò bébà bò ó. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, ó lè gun ara rẹ̀, ẹ kò sì ní mọ̀ ọ́n nípa wíwò lásán. DNA ọmọ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn tí abo bá ti là, ẹ fi àtíkè akọ tí ẹ yàn kàn án lórí, kí ẹ tún bò ó, kí ẹ so orúkọ òbí méjèèjì mọ́ ọn. Nígbà tí pódì bá ti ń pọ́n ni kí ẹ gé e, torí tó bá gbẹ tán lórí igi, á là fúnra rẹ̀, á sì da irúgbìn nù.