Ta Ló Túmọ̀ Ọ̀rọ̀ Rẹ̀? Àwọn Obìnrin Me'phaa Níwájú Òfin Mẹ́síkò

Ẹjọ́ méjì la fẹ́ yẹ̀ wò. Ìpínlẹ̀ Guerrero ní gúúsù Mẹ́síkò ni méjèèjì ti ṣẹ̀, lọ́dún 2002. Àwọn obìnrin ẹ̀yà Me'phaa méjì tí ṣọ́jà fipá bá lò pọ̀ ni wọ́n ni ẹjọ́ náà: Valentina Rosendo Cantú àti Inés Fernández Ortega.

Létí odò tí Valentina ti ń fọṣọ ni àwọn ṣọ́jà ti ká a mọ́ ní oṣù kejì, ọmọ ọdún 17 ni. Wákàtí 8 ló fi rìn kó tó dé ilé ìwòsàn ní ìlú Ayutla. Ní ti Inés, inú ilé rẹ̀ ni wọ́n ká a mọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta. Wọ́n ń fi Sípáníìṣì bi í léèrè ẹran tí wọ́n ní ọkọ rẹ̀ jí. Kò gbọ́ èdè náà débi tó fi lè dáhùn.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró lé ni ọ́fíìsì tó ń gba ẹ̀sùn. Ìjọba kò pèsè ògbufọ̀ kankan. Ọkọ Valentina ló ń túmọ̀ fún un. Obìnrin kan láti inú ẹgbẹ́ àwọn Me'phaa ló túmọ̀ fún Inés. Ẹ wo ohun tí èyí ń bà jẹ́. Èyí tí ìtìjú kò jẹ́ kí ìyàwó lè là sílẹ̀ lójú ọkọ kò ní wọ ìwé. Èyí tí ọkọ kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, á fò ó. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, àlàfo yẹn gan-an ni wọ́n á gbá mú, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ obìnrin náà kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni abala kejì ìwé òfin Mẹ́síkò ti fún àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ bíi Me'phaa ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ àti agbẹjọ́rò tó mọ èdè àti àṣà wọn.

Ẹ̀rí náà tún sọnù. Ilé àyẹ̀wò rí àtọ̀ nínú ohun tí dókítà gbà lára Inés. Nígbà tó yá, wọ́n ní àyẹ̀wò ti lò ó tán, kò ṣẹ́ ku èyí tí wọ́n lè fi wé ti ẹni tí wọ́n bá fura sí. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ẹjọ́ fún àwọn ológun. Ṣọ́jà ló wá ń wádìí ṣọ́jà.

Ní ọjọ́ 30 àti 31 oṣù kẹjọ ọdún 2010, Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó wà ní San José lórílẹ̀-èdè Costa Rica, dá Mẹ́síkò lẹ́bi. Ó ka àìsí ògbufọ̀ sí ojúsàájú nítorí èdè àti ẹ̀yà. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ó gbà pé ọgbẹ́ Inés kan ìlú rẹ̀ pẹ̀lú: ó ní kí wọ́n kọ́ ibi ìpàdé àwọn obìnrin sí abúlé rẹ̀, kí wọ́n sì fi èdè Me'phaa ka àkópọ̀ ìdájọ́ lórí rédíò. Lọ́dún 2014, Mẹ́síkò yí òfin ológun padà: ṣọ́jà tó bá ṣẹ ará ìlú gbọ́dọ̀ lọ sí kóòtù ará ìlú.

Oṣù kẹfà ọdún 2018 ni wọ́n tó dá ṣọ́jà méjì lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ Valentina, ẹ̀wọ̀n ọdún 19 àti oṣù díẹ̀. Ọdún 16 ti kọjá.

Ẹni tó bá ń gba ẹ̀sùn, kó kọ́kọ́ bi obìnrin náà ní èdè rẹ̀ àti abúlé tó ti wá, nítorí Mẹ́síkò ka èdè ìbílẹ̀ 68 tó pín sí ẹ̀ka 364. Ògbufọ̀ ẹ̀ka kan lè má gbọ́ ti ìkejì. Kó wá ògbufọ̀ obìnrin tí kì í ṣe ẹbí. Kó gba ohùn obìnrin náà sílẹ̀ ní èdè tó fi sọ ọ́, kí ẹlòmíì lè tún un túmọ̀ bí àríyànjiyàn bá dé. Kí wọ́n sì ka ohun tí wọ́n kọ fún un padà ní èdè rẹ̀, kó tó tẹ̀ka.