André Voisin, onímọ̀ tó ní ká ka ọjọ́ ká tó ka màlúù

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo pápá méjì tó fara kan ara wọn, ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, iye màlúù tó jẹko níbẹ̀ láàrin ọdún sì dọ́gba, síbẹ̀ ọ̀kan tutù yọ̀yọ̀, koríko èkejì ti fẹ́ tán, erùpẹ̀ ti ń yọjú. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní àfi kí wọ́n dín màlúù kù. André Voisin ní ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́ ná: ọjọ́ mélòó ni màlúù lò níbẹ̀, ọjọ́ mélòó ni koríko sì fi sinmi kí wọ́n tó padà wá?

Ará Faransé ni, Dieppe ní Normandy ni wọ́n bí i sí ní 1903. Kẹ́mísìrì ló kọ́, ó tún ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di dókítà ẹranko ní Maisons-Alfort, àmọ́ ó ní oko màlúù tiẹ̀ náà o, oko yẹn ló sì jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Torí láyé ìgbà yẹn, àwọn tó ń ṣèwádìí koríko á fi ẹ̀rọ gé e, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó parí, àwọn tó ń ṣèwádìí màlúù náà á wà lọ́tọ̀ tiwọn, wàrà ni wọ́n ń wọ̀n. Voisin ní ibi tí màlúù àti koríko ti pàdé gan-an ló yẹ ká wò, mo sì gbà pẹ̀lú ẹ̀ gidi gan, torí ẹ̀rọ ò jọ ẹnu màlúù rárá.

Ẹ wo ẹnu yẹn dáadáa. Màlúù ò ní eyín iwájú lókè. Ahọ́n ló fi ń yí koríko po, á fà á wọlé, á fi eyín ìsàlẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ èrìgì òkè, á wá já a. Tí koríko bá kúrú jù, ahọ́n ò ní rí nǹkan dì mú, tó bá sì ti gbó jù, kò ní wù ú jẹ. Voisin fẹ́ kó ga tó nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 15 sí 22. Ó tún rí i pé màlúù kìí sábà jẹko ju bíi wákàtí 8 lọ lójúmọ́, lẹ́yìn náà á lọ dùbúlẹ̀ máa jẹ àpọ̀jẹ, ebi ì báà ṣì máa pa á. Torí náà tí ohun tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan bá kéré, wàrà á já wálẹ̀ nìyẹn.

Ó wá kan koríko. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ́ tán, ewé tó kù ò tó nǹkan, oúnjẹ tó fi pamọ́ sí gbòǹgbò àti ìdí rẹ̀ ló máa fi hu ewé tuntun, ìyẹn ló ṣe máa ń lọ́ra níbẹ̀rẹ̀. Tí ewé bá ti tó láti gba oòrùn, á bẹ̀rẹ̀ sí sáré dàgbà, títí á fi fẹ́ yọ òdòdó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ewé tuntun yẹn gan-an ni màlúù fẹ́ràn jù, tó bá ṣì wà lórí pápá á padà jẹ ẹ́ nígbà tí oúnjẹ ìdí koríko ti tán, tó bá sì ṣe é léraléra koríko á kú, èpò á gba ipò ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi ní kí màlúù má lò ju ọjọ́ 3 lọ lójú kan, ọjọ́ 1 gan-an ló dáa jù. Ní Normandy, koríko nílò ìsinmi bí ọjọ́ 18 ní May àti June, àmọ́ tó bá di August sí September ó di 36. Ibi tó kà mí láyà jù rèé: tẹ́ẹ bá gé ìsinmi yẹn sí ìdajì, kìí ṣe ìdajì koríko lẹ máa rí, ìṣirò ẹ̀ fi hàn pé bí ìdámẹ́ta ni! Àgbẹ̀ á rí i pé koríko ń dín kù, ẹ̀rù á bà á, á máa yára kó màlúù láti pápá kan sí òmíràn, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá padà dé koríko á ti kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, títí ò fi ní sí nǹkan kan mọ́.

Ìwé tó kọ gbogbo èyí sí jáde ní 1957. Ní December 1964 Fidel Castro pè é sí Kúbà kó wá kọ́ wọn, ibẹ̀ ló kú sí lóṣù yẹn, Havana ni wọ́n sin ín sí. Ní Bràsíl, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe irú ìdaran yìí.

Allan Savory, onímọ̀ nípa àyíká láti Zimbabwe, náà ka ìwé Voisin, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2008 David Briske, onímọ̀ pápá ìjẹko ní Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìdánwò jọ, wọ́n ní kíkó màlúù yí pápá ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju kí wọ́n wà lójú kan lọ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn fèsì pé pápá ìdánwò yẹn kéré, wọ́n sì ti yan ọjọ́ tí wọ́n á kó màlúù kúrò sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ gidi á kọ́kọ́ wo koríko kó tó ṣí géètì. Lójú tèmi, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n, òjò ló ń pinnu ju géètì lọ, ẹni tó bá fẹ́ gbé ìṣirò Normandy lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ tún ọjọ́ yẹn kà látìbẹ̀rẹ̀, torí ìsinmi ọjọ́ 36 yẹn lè di oṣù púpọ̀.