Àṣẹ Tí A Pa àti Iná Tí Ó Tàn: Bí A Ṣe Lè Fi Ipò Ètò Iná Ilé Hàn

Ẹ̀yin oníṣẹ́ iná àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe áàpù fún ilé, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti da ọ̀pọ̀ wa láàmú. Ó dá lórí bọ́tìnì orí fóònù tí ó yẹ kí ó sọ fún onílé bóyá ètò iná tí ó yàn ṣì wà bí ó ṣe fi í sí. Ètò iná ni mo ń pe ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní scene, èyíinì ni iye ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ tí a ti fi pamọ́ fún gílóòbù mélòó kan, tí a lè pè jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú pálọ̀ kan tí ó ní gílóòbù márùn-ún. Onílé ṣe ètò kan, ó pè é ní "Sinimá": kí mẹ́ta tí ó wà lókè àjà kú, kí ti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n máa tàn bàìbàì ní ìdá 10 nínú 100, kí ti ẹ̀gbẹ́ àga wà ní ìdá 40. Ó tẹ bọ́tìnì, bọ́tìnì sì yọ àwọ̀ ewé. Kò pẹ́, ọmọ rẹ̀ wọlé, ó tan iná àárín láti wá bàtà, ó sì jáde láì pa á. Fóònù ṣì ń sọ pé "Sinimá" ni pálọ̀ wà, nígbà tí ojú gbogbo ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìpìlẹ̀ ni àṣìṣe yìí ti wá. Àṣẹ ni ètò iná, kì í ṣe ipò. Ẹni tí ó rán ọmọ lọ sí ọjà kò lè torí pé òun rán an kí ó wá sọ pé ọmọ ti dé ọjà, ká má tilẹ̀ sọ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Home Assistant, sọ́fítíwìa tí a fi ń darí ẹ̀rọ inú ilé, tí Paulus Schoutsen bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, kò fi èyí bò rárá: àkókò tí a pe ètò kan kẹ́yìn ni ó ń fi hàn gẹ́gẹ́ bí ipò rẹ̀, kò sí "ó ń ṣiṣẹ́" tàbí "kò ṣiṣẹ́" níbẹ̀. Inú àwọn kan kì í dùn sí i. Ní tèmi, ó sàn kí ẹ̀rọ sọ ìwọ̀nba tí ó mọ̀.

Bí a bá kó gílóòbù jọ sí ẹgbẹ́, ìyẹn kò tíì yanjú ọ̀rọ̀. Philips Hue, gílóòbù tí a ń fi fóònù darí, tí ó dé ọjà ní 2012, máa ń dáhùn ìbéèrè méjì lórí ẹgbẹ́: ṣé ọ̀kan wà ní títàn nínú wọn, àbí gbogbo wọn ni ó tàn? Ìdáhùn méjèèjì kò wúlò fún "Sinimá", nítorí pé mẹ́ta nínú gílóòbù rẹ̀ ni a fẹ́ kí ó kú.

DALI, ìlànà tí a fi ń darí iná lórí okùn, tí a sábà máa ń rí nínú ọ́fíìsì àti ilé ńlá, fi ìṣòro náà hàn ju gbogbo wọn lọ. Okùn kan rẹ̀ gba ẹ̀rọ iná 64, ẹgbẹ́ 16 àti ètò 16. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ń pa iye tirẹ̀ mọ́ fún ètò kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó bá sì ní 255 kò sí nínú ètò náà. Bí a bá pàṣẹ pé "ẹ lọ sí ètò 3", kò sí ẹni tí yóò dáhùn. Bí a bá sì bi ẹgbẹ́ léèrè pé "iye mélòó lẹ wà?", gbogbo wọn á fọhùn pọ̀, ọ̀rọ̀ á dàrú bí ariwo ọjà. Ìbéèrè tí a ń fi "bẹ́ẹ̀ ni" dáhùn nìkan ló lè là á já, torí pé "bẹ́ẹ̀ ni" mẹ́wàá tí a sọ pọ̀ ṣì ń jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni". Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ gbọ́dọ̀ máa bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí okùn tí kò gbé ju bíìtì 1,200 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Zigbee, ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ láìsí okùn, gba ọ̀nà mìíràn: ó ní àmì kan nínú gílóòbù fúnra rẹ̀, SceneValid, tí ó yẹ kí ó yí padà nígbà tí gílóòbù bá kúrò lórí ohun tí ètò sọ. Ọgbọ́n gidi ni, àmọ́ gílóòbù kan kò lè jẹ́rìí fún èkejì.

Nítorí náà, ìfiwéra ni mo fara mọ́: kí a kó ohun tí gílóòbù kọ̀ọ̀kan sọ pé òun wà, kí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí a fi pamọ́. Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, nítorí wọ́n ń retí kí iye méjèèjì bára mu gẹ́lẹ́. A ní kí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ gílóòbù wà ní Kelvin 2,700. Mired, ìwọ̀n mìíràn fún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ (mílíọ̀nù kan tí a fi iye Kelvin pín), ni òun ń lò, 370 sì ni ó kọ sílẹ̀. Nígbà tí a bá yí i padà, 2,702 ni a ó rí. Gílóòbù kò ṣẹ̀, síbẹ̀ bọ́tìnì á ní ètò ti bàjẹ́. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ẹ má ṣe dájọ́ kí ó tó parí.

Ohun tí ó kù ni gílóòbù tí kò dáhùn. Nílé mi ní Ìbàdàn, ínfátà ló ń gbé róútà àti àpótí tí ń darí iná, ṣùgbọ́n kò gbé gílóòbù pálọ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, gílóòbù kì í dágbére. A jókòó sínú òkùnkùn biribiri, "Sinimá" sì ń tàn ní àwọ̀ ewé lórí fóònù mi. Nígbà tí iná dé, gílóòbù márààrún tàn yòò, torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò wọ́n láti ilé iṣẹ́ wá. Bọ́tìnì kò yí padà títí tí àpótí fi tún bi wọ́n léèrè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fún bọ́tìnì mi ní ojú mẹ́rin: àwọ̀ ewé bí ètò bá pé, ìlàjì àwọ̀ pẹ̀lú iye gílóòbù tí ó yà kúrò, òfìfo bí kò bá sí rárá, àti eérú pẹ̀lú àmì ìbéèrè nígbà tí ó kéré tán gílóòbù kan bá dákẹ́.