Kí Ni Ọmọ Ń Ṣe Nígbà Tí Olùkọ́ Ń Sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ilé-ìwé, mo kí yín. Orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún mi ni bí a ṣe lè fi ọ̀nà ìkọ́ni ìgbàlódé múra àwọn ọmọ ilé-ìwé sílẹ̀ de ọjọ́ ọ̀la. Mo mọ ohun tó ti ń sọ sí ọ̀pọ̀ yín lọ́kàn: kọ̀ǹpútà, pátákó oníná, AI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè bí èèyàn. A máa dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà ìkọ́ni kan wúlò, ẹ má wo ohun tí olùkọ́ gbé dání, ẹ wo ohun tí ọpọlọ ọmọ ń ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Ṣé ó ń ronú ni, àbí ó kàn jókòó?

Ẹ jẹ́ ká mú ohun tó kéré jù nínú kíláàsì, ìyẹn ìbéèrè. Olùkọ́ béèrè nǹkan, ó dúró, ẹnì kan dáhùn. Báwo ló ṣe ń dúró pẹ́ tó? Mary Budd Rowe, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ṣèwádìí lórí kíkọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, gba ohùn àwọn olùkọ́ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wọn, ó sì fi aago wọn ìdúró wọn. Ohun tó rí, tó sì gbé jáde ní àwọn ọdún 1970, yani lẹ́nu. Nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 1 péré ni olùkọ́ fi ń dúró. Lẹ́yìn náà, á tún ìbéèrè náà béèrè, á pe ọmọ mìíràn, tàbí kó dáhùn fúnra rẹ̀. Bí ọmọ bá sì sọ̀rọ̀ tán, olùkọ́ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mí.

Rowe ní kí àwọn olùkọ́ máa dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 ó kéré tán, ṣáájú ìdáhùn àti lẹ́yìn ìdáhùn. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀, kò sì sí ìwé tuntun tí wọ́n rà. Síbẹ̀ ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i. "Mi ò mọ̀" dín kù. Àwọn tí kì í lanu bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀, àwọn ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè tiwọn. Ohun kan tún wà nínú ìwádìí yẹn tí mi ò lè gbójú fò. Àwọn ọmọ tí olùkọ́ kà sí olóye ló máa ń dúró dè pẹ́ jù. Àwọn tó kà sí olódo, ìdúró tiwọn ló kúrú jù. Àwọn tó nílò àkókò jù lọ gan-an la ń fi àkókò dù.

Àwọn olùkọ́ kan máa ń sọ pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń ni àwọn lára. Òótọ́ ni, ó ń ni ni lára. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè mú nǹkan wá, ìbéèrè náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó yẹ kéèyàn ronú sí. Bí ẹ bá ní kí ọmọ sọ ìtumọ̀ bí omi ṣe ń di oru lọ sínú afẹ́fẹ́, ẹni tó há a sórí á kà á jáde, ẹni tí kò há a á wo ilẹ̀. Ẹ wá gbìyànjú èyí: aṣọ méjì tútù bákan náà, wọ́n ká ọ̀kan, wọ́n ta èkejì sórí okùn, èwo ló máa kọ́kọ́ gbẹ, kí sì nìdí? Gbogbo ọmọ ló ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní "èyí tó wà lórí okùn" kò tíì ṣe nǹkan kan, "kí nìdí" niṣẹ́ wà. Ṣé oòrùn ni, àbí atẹ́gùn? Bí kò bá sí oòrùn ńkọ́, ṣé aṣọ kò ní gbẹ ni? Kí ọmọ tó dáhùn ìyẹn tán, òun fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ìtumọ̀ tí à bá ní kí ó há sórí.

Bóyá ẹ ti ń retí kí n wá bú híhá nǹkan sórí báyìí. Mi ò ní bú u. Ọ̀rọ̀ kan ti gbòde lóde òní pé ọmọ kò nílò láti mọ nǹkan mọ́, pé Google ti mọ gbogbo rẹ̀, pé ká ṣáà kọ́ ọmọ bí a ṣe ń ronú. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́. Kò sẹ́ni tó lè ronú nípa ohun tí kò mọ̀.

Ní 1988, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Donna Recht àti Lauren Leslie, fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìròyìn eré baseball kan láti kà, ìyẹn eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ti kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn kan mọ̀wé kà dáadáa, ìwé kíkà sì nira fún àwọn mìíràn. Nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn kan mọ eré náà dunjú, àwọn kan kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n kà á tán, wọ́n ní kí wọ́n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú eré náà. Àwọn tí ìwé kíkà nira fún ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ baseball ló ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa ju àwọn ọ̀mọ̀wékà tí kò mọ eré náà lọ. Ẹ tún gbọ́ ọ o. Ọmọ tí à ń pè ní aláìmọ̀wékà yege níbi tí akẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọsẹ̀, nítorí pé ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìmọ̀ ni àròjinlẹ̀ ń jẹ dàgbà. Ọmọ tí kò mọ ìtàn, tí kò mọ bí ara èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, tí ìsọdipúpọ̀ kò sì yọ̀ mọ́ lẹ́nu, kò sí ẹ̀rọ tó lè bá a mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́ nínú ohun tó bá kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí àṣìṣe wà ni ọ̀nà tí a gbà ń mú kí ìmọ̀ náà dúró. Kíkà á, títún un kà, fífi ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀. Ní 2006, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àyọkà kan. Ẹgbẹ́ kan kà á ní sáà mẹ́rin. Ẹgbẹ́ mìíràn kà á ní sáà kan, wọ́n wá lo sáà mẹ́ta tó kù láti kọ ohun tí wọ́n rántí, láìwo ìwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó ń kà á ṣáá ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó ń fa ìdáhùn yọ láti inú orí wọn rántí nǹkan bí ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó kà á léraléra rántí ìdá 40. Ohun tó ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ nìyẹn. Ìwé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kà máa ń dà bí ohun tí a ti mọ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń sọ pé "lọ kàwé rẹ", ẹ máa sọ pé "pa ìwé dé, kí o sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi." Kò pọn dandan kí ẹ̀yin fúnra yín mọ iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àṣepọ̀, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ṣíṣe nǹkan, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kì í ṣe tuntun bí a ṣe ń polówó rẹ̀: John Dewey, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ti dá ilé-ìwé ìdánrawò rẹ̀ sílẹ̀ ní Chicago ní 1896, Maria Montessori, dókítà ọmọ Ítálì, ṣí tirẹ̀ ní Róòmù ní 1907. Finland ni gbogbo ayé máa ń tọ́ka sí lónìí. Ìròyìn tiẹ̀ kàn nígbà kan pé wọ́n ti pa ìṣirò àti ìtàn rẹ́ kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ wọn, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí ètò ẹ̀kọ́ wọn ti 2016 sọ ni pé, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kópa nínú ẹ̀kọ́ kan tó pa iṣẹ́ oríṣiríṣi pọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣì wà ní àyè rẹ̀. Ṣíṣe nǹkan dára lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ní ohun tí yóò fi ṣe é. Bí kò bá ní in, gígé páálí àti lílẹ páálí ló máa gba gbogbo àkókò ọ̀hún.

Ó wá kan ẹ̀rọ. Ní 2005, Nicholas Negroponte, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Amẹ́ríkà kan, kéde ètò láti fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà alágbèéká olówó pọ́ọ́kú. Orílẹ̀-èdè Peru wà lára àwọn tó gbé ètò náà lárugẹ jù. Ìwádìí kan tó jáde ní 2012, tí wọ́n ṣe ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 319 ní ìgbèríko Peru, fi hàn pé kọ̀ǹpútà dé ọwọ́ àwọn ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kan ó lé díẹ̀, máàkì wọn nínú ìṣirò àti èdè kò kúrò níbi tó wà. Estonia náà fi kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì sí gbogbo ilé-ìwé rẹ̀ nínú ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990, lónìí ó sì wà lára àwọn tó ń ṣe dáadáa jù ní Yúróòpù nínú PISA, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọn ìmọ̀ àwọn ọmọ ọdún 15 ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Mi ò ní sọ pé ẹ̀rọ ló gbé e débẹ̀. Àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ètò náà, wọn kò kàn já ẹ̀rọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kí wọ́n máa lọ.

Ní ti AI, ìwádìí kan tó jáde ní 2024 ló yẹ kí gbogbo ilé-ìwé mọ̀. Ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, wọ́n pín àwọn ọmọ girama tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 sí ọ̀wọ́ mẹ́ta nínú iṣẹ́ ìṣirò. Ọ̀wọ́ kan kò ní AI. Ọ̀wọ́ kejì ní AI tó ń dáhùn ohunkóhun tí wọ́n bá bi í. Ọ̀wọ́ kẹta ní AI tí wọ́n ti ṣètò kó má fúnni ní ìdáhùn, kó kàn máa tọ́ka ọ̀nà fún ọmọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà ìdánrawò, máàkì ọ̀wọ́ kejì fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti àwọn tí kò ní nǹkan kan. Wọ́n wá gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fún gbogbo wọn ní ìdánwò. Máàkì ọ̀wọ́ kejì yìí fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí kò fọwọ́ kan AI rárá. Ní ti ọ̀wọ́ kẹta, ìpalára yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹ̀rọ kan náà ni o! Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni ẹni tó ń ronú: nínú ọ̀wọ́ kan, ẹ̀rọ ni, nínú èkejì, ọmọ ni. Wíwo oníjó kì í sọ èèyàn di oníjó.

Gbogbo èyí tí mo ń sọ, ọmọ tó mọ̀wé kà ni mo fi sọ́kàn. Báńkì Àgbáyé, UNICEF àti UNESCO ṣírò rẹ̀ ní 2022 pé, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré tàbí tó mọ níwọ̀n, nǹkan bí méje nínú mẹ́wàá ọmọ ọdún 10 ni kò lè ka àyọkà kúkúrú kó yé wọn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ róbọ́ọ̀tì níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ń fo ẹ̀kọ́ kìíní. Àjọ Pratham ní Íńdíà rí ọ̀nà kan tó ṣiṣẹ́. Fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, wọn a gbàgbé kíláàsì tí ọmọ wà, wọn a pín wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n lè kà: ẹni tó wà ní lẹ́tà, ẹni tó wà ní ọ̀rọ̀, ẹni tó ti lè ka ìtàn. Bí ọmọ bá ti lè ka ti ibi tó wà, wọn a gbé e lọ sí èyí tó kàn. Ti èdè náà wà ńbẹ̀. Nínú Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì yan olùkọ́ àkànṣe fún Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ kò lè fi èdè tí kò gbọ́ ronú.

Mo mọ ìbéèrè tó ń bọ̀: kíláàsì tó kún fọ́fọ́ ńkọ́, báwo ni olùkọ́ kan á ṣe mọ̀ pé gbogbo wọn ń ronú? Eric Mazur, tó ń kọ́ni ní físíìsì ní Harvard, ní irú ìṣòro yìí nínú gbọ̀ngàn ńlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan ní 1991 tí kò nílò ju pátákó àti ìka ọwọ́ lọ. Ẹ kọ ìbéèrè kan pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rin. Kí kálukú dákẹ́, kí ó ronú, kí ó yan tirẹ̀, kí wọ́n sì jọ na ìka wọn sókè lẹ́ẹ̀kan náà: ìka kan fún ìdáhùn kìíní, méjì fún èkejì. Ẹ má tíì sọ èyí tó tọ̀nà. Bí àwọn tó gbà á kò bá tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun náà kò tíì yé wọn, ẹ tún un kọ́. Bí wọ́n bá wà láàárín 30 sí 70, ẹ ní kí kálukú kọjú sí ẹni tó yan ìdáhùn tó yàtọ̀ sí tirẹ̀, kí wọ́n jọ ṣàlàyé fún ara wọn fún ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n sì tún ìka nà. Bí wọ́n bá ju 70 lọ, ẹ ṣàlàyé ní ṣókí nítorí àwọn tó kù, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ.