Ẹ Jẹ́ Kí Èérí Kọfí Jẹrà Kó Tó Dé Ìdí Ẹ̀fọ́

Ẹ wo inú asẹ́ yìí. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a sẹ́ kọfí tán nìyí, ó dúdú, ó sì ṣì ń ta sánsán. Èérí kọfí ni mo ń pè é, bí a ṣe ń pe ti ògì. Kọfí inú agolo tó ń yòrò pátápátá sínú omi gbígbóná kì í ní èérí o. Èyí tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì sẹ́, ni mò ń wí.

Àwọn kan á ní ajílẹ̀ ni, kí ẹ kàn dà á sídìí ata. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Melbourne ní Ọsirélíà gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n po èérí tí kò tíì jẹrà mọ́ ilẹ̀, wọ́n gbin ewébẹ̀ brókólì àti rádíìṣì pẹ̀lú òdòdó sunflower síbẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó dàgbà dáadáa nínú wọn. Ilẹ̀ náà mú omi dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn rù.

Àwọn kan ń sọ pé kíkan rẹ̀ ló fà á. Rárá. Omi tí a fi sẹ́ kọfí ti gbé ọ̀pọ̀ kíkan náà lọ sínú ife. Káfíìnì, èròjà inú kọfí tí kì í jẹ́ kí oorun kunni, ṣì wà níbẹ̀ ní tiẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí hóró hù bó ṣe yẹ. Náítrójìn, oúnjẹ ohun ọ̀gbìn tí gbogbo wa ń wá, kò ju bí ìdá 2 nínú 100 lọ, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ èérí náà kí gbòǹgbò tó lè rí i fà mu.

Nítorí náà, ẹ wá garawa àtijọ́, ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀. Abọ́ èérí kan, abọ́ mẹ́rin ewé gbígbẹ àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ wọ́n omi sí i, kó tutù bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Ẹ máa rò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ẹ má kánjú, ọ̀pọ̀ oṣù ló ń gbà. Ọjọ́ tí òórùn kọfí bá ti lọ, tó dúdú bí ilẹ̀dú, tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ pa, ẹ bù ú sídìí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ yín.

Bí ajá bá wà nílé, ẹ dé garawa náà dáadáa. Májèlé ni káfíìnì fún ajá.