Ta ló láṣẹ láti sọ pé ọjà wọ́n? Ohun tí àwọn ará Ṣáínà ń sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa oge, ìpolówó àti àwọn gbajúmọ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Àwọn tí kò ráyè wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ni mo tún un kọ fún, mo sì fi í sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni ohun tí àwọn ará Ṣáínà ń bára wọn sọ lórí fóònù nípa àtíkè, ìpara, lípsítíìkì àti àwọn gbajúmọ̀ tó ń polówó wọn. Àwọn kan ti pè é ní òfófó lásán kí n tó dé ibí. Èmi ò gbà. Bí ẹ bá tẹ́tí sí i dáadáa, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó oṣù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń ra ọjà wọ̀nyí. Ní orílẹ̀-èdè tí kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó lè dá dúró láìsí lábẹ́ ìjọba, tí ìwọ́de kò sì ṣe é ṣe bó ṣe wuni, abẹ́ fídíò tí wọ́n fi ń polówó ìpara ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń rí àyè sọ pé nǹkan le fún àwọn.

Ẹ jẹ́ ká mú Li Jiaqi, torí òun ni ọ̀rọ̀ náà yí ká jù. Ọdún 1992 ni wọ́n bí i, ní agbègbè Hunan. Kó tó di olówó, ó ń bá L'Oréal tajà ní ìlú Nanchang. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró nídìí àtẹ, kó máa fi ọjà han oníbàárà. Ọ̀pọ̀ obìnrin kì í fẹ́ fi ẹnu kan lípsítíìkì tí ẹlòmíì ti fi ẹnu kàn, Li bá ń kùn ún sí ètè ara rẹ̀ kí wọ́n lè rí bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Láàárín ọdún 2016 sí 2017, òun náà bọ́ sórí Taobao, ìyẹn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ilé iṣẹ́ Alibaba, ó ń ṣe ohun kan náà níwájú kámẹ́rà. Á kùn ún, á nù ún kúrò, á kun òmíràn, títí ètè á fi máa ta á. Ní ọdún 2018 ó gba àmì-ẹ̀yẹ Guinness: láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, ó kun lípsítíìkì fún èèyàn 4.

Bí títa náà ṣe ń lọ yẹ ká wò. Alẹ́ ni, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti dé láti ibi iṣẹ́. Li àti olùrànlọ́wọ́ kan á jókòó sídìí tábìlì, yóò gbé ọjà sókè, yóò sọ ohun tó ń ṣe, yóò ka èènì tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: bí o bá ra ìgò ńlá kan, ìgò kéékèèké mélòó ni wọ́n fi kún un. Yóò wá ka mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, ọjà á jáde sórí fóònù, àwọn èèyàn á sì máa dù ú. “Gbogbo ẹ̀yin ọmọbìnrin” ló ń pe àwọn tó ń wò ó. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2021, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń gba owó àsansílẹ̀ fún ọjà ńlá oṣù kọkànlá, iye ọjà tí àwọn èèyàn rà lọ́dọ̀ rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 10 yuan, owó ilẹ̀ Ṣáínà. Ẹnìkan ṣoṣo, alẹ́ kan ṣoṣo.

Alágbàtà ni, ẹ má gbàgbé. Làdá ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin yìí kò kà á sí alágbàtà ilé iṣẹ́, agbẹnusọ tiwọn ni wọ́n kà á sí. Òun ló ń bá wọn ná ọjà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Òun ló sì máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ra èyí, kò dáa. Nígbà tí Hermès gbé lípsítíìkì rẹ̀ jáde lọ́dún 2020, kò fi bò pé àwọn àwọ̀ kan nínú rẹ̀ kò wu òun. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́ di èèyàn wọn.

Ìgbẹ́kẹ̀lé náà ní ẹ̀rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, àwọn tó ra ìbòjú olómi L'Oréal, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́jú kí awọ lè tutù, lọ́dọ̀ Li àti lọ́dọ̀ Viya, obìnrin tó jẹ́ akẹgbẹ́ rẹ̀, san 429 yuan fún ẹyọ 50. Ilé iṣẹ́ náà ti sọ pé kò ní sí iye tó dínkù ju ìyẹn lọ. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà rí i pé lórí ìkànnì L'Oréal fúnra rẹ̀, èèyàn lè rí 50 náà gbà ní nǹkan bí 257 yuan. Ariwo ta lórí Weibo, ìkànnì tí àwọn ará Ṣáínà ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Àwọn alágbàtà méjèèjì dá òwò dúró pẹ̀lú L'Oréal, ilé iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìjọba bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 1.34 yuan lé Viya lórí pé kò san owó orí bó ṣe yẹ, àkáǹtì rẹ̀ sì pòórá lórí gbogbo ìkànnì. Li wá ku òun nìkan lókè.

Ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni nǹkan bàjẹ́. Ó ń ta pẹ́ńsùlù tí wọ́n fi ń ya irun òkè ojú, ọjà ilé iṣẹ́ Huaxizi ti ìlú Hangzhou, tí àwọn ará òkè òkun mọ̀ sí Florasis. 79 yuan ni. Ẹnìkan nínú àwọn tó ń wò kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé ó ti ń wọ́n sí i. Li gba ọ̀rọ̀ náà sí ìbínú. Ó ní ibo ló ti wọ́n, iye tí wọ́n ti ń tà á láti ọdún pípẹ́ nìyẹn, kí wọ́n má la ojú sílẹ̀ máa sọ ìsọkúsọ, nǹkan kò rọrùn fún àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà. Ó tún fi kún un pé kí èèyàn máa yẹ ara rẹ̀ wò nígbà mìíràn: láti ọdún mélòó yìí wá, ṣé owó oṣù rẹ ti gòkè? Ṣé o ń ṣiṣẹ́ gidi?

Bí ẹ bá sọ fún ìyá aláṣọ tí ẹ ti ń bá rajà láti ọjọ́ tó ti pẹ́ pé aṣọ rẹ̀ ti wọ́n, tó wá bi yín bóyá ẹ̀yin ń ṣiṣẹ́, ṣé aṣọ náà lẹ máa bá a sọ? Ẹyin lohùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ náà ti gba orí Weibo kan. Àwọn tó dẹ́kun títẹ̀ lé Li níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n wọn pẹ́ńsùlù náà: gíráàmù 0.08 ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣírò rẹ̀, gíráàmù kan di 987 yuan ó lé, wúrà kò sì tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi pẹ́ńsùlù ka owó. Oúnjẹ ọ̀sán di ìdá kan pẹ́ńsùlù, owó ilé di pẹ́ńsùlù báyìí-báyìí, owó iṣẹ́ ọjọ́ kan náà di pẹ́ńsùlù. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi owó iṣẹ́ rẹ̀ ṣe irú ìṣirò yẹn ti sọ ohun tó ń dùn ún.

Ẹ wo àkókò tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí. Ìjọba Ṣáínà fúnra rẹ̀ ló kéde pé ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, ìdá 21.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀dọ́ ìgboro tó ń wá iṣẹ́, láti ẹni ọdún 16 sí 24, ni kò rí iṣẹ́. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, àjọ oníṣirò dá ìkéde náà dúró. Oṣù kan péré lẹ́yìn ìyẹn ni ẹni tó ń jẹ làdá lórí bílíọ̀nù wá bi àwọn obìnrin yìí bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́. Èmi rò pé ẹnikẹ́ni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́sẹ̀ náà ni ìlú ìbá bínú sí, ṣùgbọ́n bó ṣe wá láti ẹnu rẹ̀ ló jẹ́ kó jinlẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ àforíjì tó kọ ní òru, ó ní ìdí àtẹ àtíkè lòun ti bẹ̀rẹ̀, òun sì mọ bí iṣẹ́ gbogbo èèyàn ṣe le tó. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó sunkún níwájú kámẹ́rà. Àwọn kan dárí jì í. Àwọn mìíràn ní ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kó béèrè.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ tí àwọn ìyá wọn ń ra ọjà wọn dìde. Fenghua, ilé iṣẹ́ ọṣẹ ìfọrun ní Shanghai, di ọṣẹ àti ìpara irun papọ̀ ní 79 yuan, ẹrù tí èèyàn máa fi ọwọ́ méjèèjì gbé. Yumeijing ti ìlú Tianjin, tó ń ṣe ìpara ọmọdé, sáré ṣí àkáǹtì lórí Douyin, ìkànnì fídíò tó jọ TikTok. Huoli 28 tó ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ gbé àwọn bàbá àgbàlagbà jókòó síwájú kámẹ́rà. Àwọn bàbá náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọjà sórí ìkànnì, kò sí ẹni tó kun ojú wọn, wọn kò sì mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Àwọn tó ń wò ló ń kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa tẹ̀. Ọjà wọn sì tà wìtìwìtì. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ èrò náà padà lẹ́yìn nígbà tí ariwo rọlẹ̀, bí ọjà ṣe máa ń rí. Síbẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn oníbàárà fi owó wọn sọ irú ẹni tó wù wọ́n láti bá rajà.

Kì í ṣe Li nìkan ló kan irú ìbínú yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Purcotton gbé ìpolówó aṣọ ìnujú jáde. Ọkùnrin kan ń tẹ̀ lé ọmọbìnrin kan lóru. Ọmọbìnrin náà yọ aṣọ ìnujú, ó nu àtíkè kúrò lójú, ojú rẹ̀ di ohun tí wọ́n fẹ́ ká kà sí burúkú, ọkùnrin náà sì sá. Ẹ̀rín ni wọ́n rò pé àwọn èèyàn máa rín. Àwọn obìnrin bèèrè pé ṣé ẹ̀rù tó ń bà wọ́n lójú ọ̀nà bí wọ́n bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ni wọ́n fi ń tajà. Ilé iṣẹ́ náà yọ fídíò náà, ó kọ lẹ́tà àforíjì, ṣùgbọ́n ó fi èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà náà yin ara rẹ̀. Ìyẹn tún dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Oṣù kejì ọdún kan náà, aláwàdà kan tó ń jẹ́ Li Dan polówó aṣọ abẹ́ obìnrin fún ilé iṣẹ́ Ubras, ó ní ohun èlò tí obìnrin lè fi borí níbi iṣẹ́ láìṣe wàhálà ni. Àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ dé ọ̀gànjọ́ kò rí àwàdà nínú rẹ̀. Àwọn aláṣẹ ọjà ní Beijing bu owó ìtanràn lé e. Ẹ rí i pé ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ náà ń já sí: iṣẹ́ wa, ẹ má fi ṣeré.

Mi ò ní sọ pé gbogbo ariwo ló dára. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2020, àwọn olólùfẹ́ òṣèré Xiao Zhan fi ẹjọ́ ìkànnì ìtàn kan ti òkè òkun sun torí ìtàn kan tó bí wọn nínú, wọ́n sì ti ìkànnì náà pa ní Ṣáínà. Àwọn tó ń kàwé níbẹ̀ gbẹ̀san. Wọ́n ní àwọn kò ní ra ọjà tí Xiao Zhan bá polówó mọ́, tó fi mọ́ Estée Lauder àti Olay. Ọ̀dọ́bìnrin ló pọ̀ jù ní ìhà méjèèjì, àpò ara wọn ni wọ́n sì fi ń jagun. Ti oṣù karùn-ún ọdún 2021 dùn mí jù. Ìdíje orin kan lórí iQiyi, ìkànnì fídíò kan ní Ṣáínà, fi àmì ìdìbò sábẹ́ ìdérí ìgò wàrà. Àwọn olólùfẹ́ ra wàrà ní páálí-páálí, wọ́n yọ ìdérí, wọ́n sì ní kí àwọn ẹlòmíì bá wọn da wàrà inú rẹ̀ dànù. Fídíò àwọn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà tí wọ́n ń da wàrà sínú rẹ̀ tàn káàkiri. Ìjọba dá àṣekágbá ìdíje náà dúró. Ní oṣù kẹjọ, Weibo pa àtẹ tí wọ́n fi ń to àwọn gbajúmọ̀ ní ipò rẹ́, àwọn aláṣẹ sì gbé òfin mẹ́wàá jáde lórí ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ni gbogbo èèyàn bú. Èmi rò pé ilé iṣẹ́ tó fi ìbò sábẹ́ ìdérí wàrà ló yẹ kí ìbáwí kọ́kọ́ kàn.

Ààlà tún wà fún ohun tí ẹnu lè sọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2022, Li Jiaqi gbé áísìkiriìmù kan tí wọ́n ṣe bí táńkì, ọkọ̀ ogun orí ilẹ̀, jáde. Wọ́n gé fídíò rẹ̀ lójijì. Ọjọ́ kejì ni àyájọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbàgede Tiananmen ní Beijing lọ́dún 1989, nígbà tí àwọn sójà fi ìbọn àti táńkì tú àwọn tó ń wọ́de ká, tí wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn; ọ̀rọ̀ tí ìjọba kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá sílẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wò ó kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá, torí náà wọ́n ń bi ara wọn pé kí ni áísìkiriìmù ṣe. Títí di ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án, a kò rí Li lórí ìkànnì.

Ọmọbìnrin kan tó ń ta ìpara lórí TikTok níbí bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà bóyá ohun tí àwọn oníbàárà ń sọ ti yí nǹkan kan padà. Ìbéèrè rẹ̀ kàn wá, torí ByteDance tó ni Douyin ló ni TikTok náà, ọgbọ́n títà kan náà ló sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí mo sọ fún un ni pé láti ọdún 2015 ni òfin ìpolówó Ṣáínà ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ polówó ọjà tí kò tíì lò rí. Àwọn gbajúmọ̀ a máa fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní àwọn ti lò ó. Ní ìparí ọdún 2022, lẹ́yìn gbogbo ariwo tí mo kà sílẹ̀ yìí àti àwọn mìíràn, àwọn aláṣẹ tún un sọ pé ìyẹn kò tó: ẹni tó bá ń gba owó láti polówó ọjà gbọ́dọ̀ máa lò ó gidi ní gbogbo àsìkò tó fi ń polówó rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọjà ọmọ ọwọ́, tàbí ọjà obìnrin tí ọkùnrin ń polówó, ẹbí rẹ̀ tímọ́tímọ́ ló gbọ́dọ̀ máa lò ó.